Iyọ̀ Inú Àpò Bàbá Rọ̀kí

Bí ẹ bá dé géètì ẹ́sítéètì ńlá kan lójú ọ̀nà Lekki sí Ajah, tí ẹ bá ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ búlúù níbẹ̀, ẹ múra sílẹ̀. Orúkọ yín àti ẹni tí ẹ wá rí nìkan kọ́ ni yóò béèrè. Yóò béèrè ibi tí ẹ ti ń bọ̀, yóò béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, tí ẹ bá sì gbé ẹ̀rọ kan dání, yóò fẹ́ mọ ohun tí ẹ fi ń ṣe, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bó bá bàjẹ́. Tájùdéènì Odùkọ̀yà ni orúkọ rẹ̀. Tájù ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń pè é, àmọ́ Bàbá Rọ̀kí ni gbogbo Ajah mọ̀ ọ́n sí, nítorí Rọ̀kíbátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ilẹ̀ tí wọ́n ri géètì yẹn mọ́, oko àgbọn bàbá rẹ̀ ni nígbà kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la wá sọ lónìí.

Wọ́n máa ń fi òfíntótó bú u. Èmi ò ka òfíntótó sí èébú, torí ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa ọkùnrin yìí ni pé ìbéèrè kan wà tó fi ọdún mọ́kànlá gbáko sá fún.

Ìyá Rọ̀kíbátù kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kó tó kú ni dókítà ti pe Tájù sí kọ̀rọ̀, ó ní kòkòrò HIV ni wọ́n rí lára ìyàwó rẹ̀, pé ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e wá, kí Tájù náà jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i lára rẹ̀. Ó mú ọmọ lọ, ó ní ibà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Wọn ò rí nǹkan kan lára ọmọ. Nígbà tí ẹbí wá béèrè ohun tó pa ìyàwó, Tájù ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìdí tó fi mú ẹ̀jẹ̀ ríru kò ju pé èèyàn lè dárúkọ rẹ̀ láàárín ọjà kí ẹnikẹ́ni má sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Rọ̀kíbátù rí ìgò funfun kan lẹ́yìn àpótí aṣọ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀ kúrò. Ó béèrè ohun tó jẹ́.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ni bàbá wí. "Èmi náà ní in."

Ọmọ náà sunkún lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó wọ ilé ìdáná, àtọjọ́ náà ni iyọ̀ sì ti dàwátì nínú ọbẹ̀ wọn. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀tá ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni iyọ̀, ó sì ti pinnu pé ohun tó pa ìyá òun kò ní pa bàbá òun. Mágí náà, kò jẹ́ kó wọlé mọ́. Ọbẹ̀ wá tẹ́ ní ilé náà, àwọn àlejò sì mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni Tájù fẹ́ wí? Ẹni tó ní òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ béèrè iyọ̀. Àmọ́ òun mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé irọ́ ni. Ló bá ra iyọ̀, ó dì í sínú ọ̀rá kékeré, ó tì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́. Bó bá ti dé géètì, tó ṣí abọ́ oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ gbé fún un, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò wá wọ́n iyọ̀ sí i bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Clement, tí wọ́n jọ ń ṣọ́ géètì, máa ń wò ó tìyanutìyanu.

"Baba Roki, this your salt go kill person o."

"Ìwọ jẹ tìẹ," ni Tájù máa ń dá a lóhùn.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ó ń wọkọ̀ lọ gba oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan tó jìnnà, níbi tí ará Ajah kankan ò ti lè rí i. Bí àwọn tó ń gba oògùn níbẹ̀ ṣe ń kí ara wọn ni pé, "Viral ẹ ńkọ́?" Iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n á bá a dúpẹ́. Viral ti Tájù ti wálẹ̀ láti ọdún kejì. Àrùn tí wọ́n ń pè ní kògbóògùn ti gbóògùn lára rẹ̀ débi pé ó máa ń gbàgbé pé òun ń ṣàìsàn, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ìgbà tó lọ kẹ́yìn ni ó bá tábìlì kan níwájú ilé oògùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ìka wo ṣúgà. Nọ́ọ̀sì tuntun kan tó ń jẹ́ Àníọlá ló jókòó tì í. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó máa gba oògùn láìjẹ́ pé òun wo apá àti ìka rẹ̀. Inú àwọn èèyàn ò dùn. Obìnrin kan ń kùn pé ṣé àìsàn kan ò tó ni tí wọ́n tún fẹ́ fi méjì kún un. Tájù ní tiẹ̀ sún síwájú. Kì í ṣe ìgbọràn, ẹ̀rọ ló fẹ́ rí.

"Kí ló dé tó ń fún mi lápá, tó tún ń tú u sílẹ̀?" ló béèrè. "Nọ́ńbà méjì ló wà níbí yìí, èwo ni tèwo?"

"Èyí tó wà lókè ni agbára tí ọkàn yín fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, Bàbá. Ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn ń sinmi díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ó máa ń ga."

Ó dákẹ́. Ti òkè jẹ́ 178, ti ìsàlẹ̀ 104. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún wọ̀n ọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru."

Tájù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà lórí ìlà fi yíjú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ fún wọn nílé pé mo ní in." Ó sún mọ́ ọn, ó sì rọra sọ ìtàn ìgò funfun fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wá béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an.

"Ṣé èèyàn lè fi ẹnu ara ẹ̀ pe àìsàn wá ni?"

"Ẹnu kọ́, Bàbá. Kí lẹ máa ń jẹ?"

Tájù wo ilẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀rá iyọ̀ jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì wo iyọ̀, ó wo Tájù, ó béèrè ohun tí iyọ̀ ń wá ní àpò èèyàn. Nígbà tó gbọ́ èsì, ẹ̀rín pa òun náà débi pé ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló gbájú mọ́ ọn.

"Iyọ̀ nìkan kọ́ ló fà á," ló wí. "Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìran èèyàn wà níbẹ̀. Àwa tí kòkòrò yìí wà lára wa gan-an ló yẹ ká máa wo ìfúnpá àti ṣúgà dáadáa. Látijọ́, àwọn èèyàn wa kì í pẹ́ láyé tó kí àìsàn àgbà tó bá wọn. Ní báyìí oògùn ti jẹ́ kí ẹ dàgbà, àìsàn àgbà sì ti mọ ilé yín. Ṣúgà yín náà ga díẹ̀. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ẹ dín mínírà kù."

"Àwa" tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn ta sí Tájù létí. Ó fẹ́ béèrè, ó sì gbé e mì. Ó béèrè òmíràn dípò rẹ̀: láti ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ òun ti ń ru? Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé nìkan ni wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì dára nígbà yẹn.

"Kí ló dé tí ẹ ò wọ̀n ọ́n mọ́?"

"Kòkòrò ni gbogbo wa dojú kọ, Bàbá. A ò wẹ̀yìn."

"Kò kúkú dùn mí níbì kankan."

"Kì í sábà dun èèyàn. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá máa mọ̀, rọpárọsẹ̀ ló máa fi mọ̀ ọ́n." Ó pa fáìlì dé. "Bí ẹ bá ṣubú lọ́la, tí ọmọ yín gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ló máa ní ẹ ń lò?"

Tájù mú ọ̀rá iyọ̀ rẹ̀, ó tì í padà sínú àpò. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ru, wọ́n sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì Àníọlá tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì pé kó má fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́, méjèèjì ni kó máa lò.

Kò bó bébà ara oògùn tuntun yìí. Ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n gbangba, níbi tí ẹni tó bá wọlé ti máa kọ́kọ́ rí i. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti oògùn ọwọ́ rẹ̀ máa bára mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe kírun tán ní nǹkan bí aago mẹ́fà, ó nawọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ kó mú ìgò funfun. Ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri. Ó gbé àpótí kúrò, kò rí nǹkan kan. Rọ̀kíbátù ti jáde lọ síbi tó ti ń ṣe irun fáwọn èèyàn, nítorí oníbàárà kan fẹ́ tètè wá. Ó pè é lórí fóònù.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Bàbá," ni ọmọ wí. "Mo rí tuntun lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ò gbọdọ̀ lo oògùn BP méjì pa pọ̀, ó lè já ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ jù kí ẹ ṣubú. Kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi máa ṣí ní aago mẹ́jọ. Mo fẹ́ kó wò ó, kó sọ èyí tí a máa dànù."

Tájù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tẹ lẹ́tà sára ẹyọ oògùn yẹn gan-an. Kẹ́míìsì tó bá mọṣẹ́ máa kà á, á sì mọ̀ ọ́n. Ó lè ní kí ọmọ dà á nù kíá kí kẹ́míìsì tó ṣí, kó lọ purọ́ ní ilé ìwòsàn pé ó sọnù, kó wá ibòmíràn fi òmíràn pa mọ́ sí. Kò nira. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè nọ́ọ̀sì ṣì wà níbi tó fi í sí, kò sì tíì rí èsì rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Tájù ò tiẹ̀ tó ogún. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó mú oògùn tuntun dání, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Oníbàárà ò tíì dé nígbà tó débẹ̀. Rọ̀kíbátù ń gbálẹ̀. Ìgò funfun wà lórí tábìlì láàárín àwọn ìyarun. Tájù jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó kọjú sí dígí, inú dígí ló sì ti ń wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á ju bó ṣe bà á lọ́jọ́ tí dókítà pè é sí kọ̀rọ̀.

"Rọ̀kí, oògùn yẹn kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Ti kí ni?"

"Ti HIV ni. Ó ti wà lára mi tipẹ́."

Ìgbálẹ̀ dúró. Rọ̀kíbátù wo ìgò, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí bàbá ń sá fún.

"Màmá mi ńkọ́?"

"Òun náà ni. A ò tètè mọ̀. Ìwọ ò ní in, wọ́n ti yẹ̀ ọ́ wò nígbà yẹn."

"Ta ló kó o ran ẹnìkejì?"

"Mi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi." Ó gbójú kúrò nínú dígí. "Ohun tí mi ò fẹ́ kí o béèrè nìyẹn."

Rọ̀kíbátù kẹ̀yìn sí i. Ó sunkún bó ṣe sunkún nígbà tó wà lọ́mọdé, láìsí ariwo. Tájù ò mọ̀ bóyá kó dìde tàbí kó jókòó. Ó jókòó. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó nu ojú, tó sì mú píọ̀ wọ́tà kan nínú fìríìjì, tó já etí rẹ̀.

"Aago mélòó lẹ máa ń lò ó?"

"Mẹ́fà."

"Ó ti kọjá." Ó ṣí ìgò, ó fi ẹyọ kan sí i lọ́wọ́, ó fi ẹyọ kan láti inú tuntun kún un. Bàbá gbé méjèèjì mì. Ọmọ ń wò ó títí omi fi tán.

"BP ńkọ́? Ṣé irọ́ nìyẹn náà?"

"Ìyẹn ti di òótọ́."

"Báwo ló ṣe máa di òótọ́, Bàbá? Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Èmi gan-an ò rántí bí iyọ̀ ṣe rí lẹ́nu mọ́."

Tájù ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́, ó yọ ọ̀rá kékeré náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Rọ̀kíbátù na ìka sí i.

"Mo máa ń rí i bí mo bá ń fọ aṣọ yín," ló wí. "Mo rò pé àlùfáà ló fi ṣàdúrà fún yín, nítorí BP. Mi ò kì í fọ àpò yẹn. Mo máa ń yà á sọ́tọ̀ kí omi má baà kàn án."

Ó mú ọ̀rá náà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, láàárín irun àwọn èèyàn. Ó wá na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn wá. Mo fẹ́ fọ àpò ẹ̀."