Apààyàn Tó Ń Ṣe Àmín

Òórùn ọ̀rá dúdú tí oòrùn ti yan ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí a ṣe fíìmù adẹ́rùbani wa n'Íjù. Nígbà náà, ilẹ̀ tó bá ṣófo l'Ọ́tà kì í pẹ́ di ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí kò bá di ṣọ́ọ̀ṣì, yunifásítì á gbà á, bí méjèèjì ò bá sì tètè dé, iléeṣẹ́ kan á ti mọ odi yí i ká. Ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì oníṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyẹn ni mo wà, tí mo ń kọ́ nípa fíìmù ṣíṣe. Bàbá mi jẹ́ súpáfáísọ̀ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Ṣàngó, ọkàn rẹ̀ ò sì fìgbà kan balẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí mo yàn. Lọ́jọ́ tó gbọ́ pé iṣẹ́ àṣekágbá wa lọ́dún náà ni ká ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kan, irú èyí tí apààyàn ti ń fi ọ̀bẹ lé èèyàn kiri, ńṣe ló bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé torí kó o lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀bẹ lé ọmọ ọlọ́mọ ni mo ṣe ń jí lọ sí ṣífútì? Èmi fúnra mi ni màá wo ohun tẹ́ ẹ bá ṣe. Tí mi ò bá rí nǹkan gidi níbẹ̀, Akáǹtìn ni wàá lọ kà."

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àdúrà kankan kọjá láìdáhùn. O lè wà ní yàrá tìrẹ kó o máa gbàdúrà jẹ́jẹ́, bàbá mi nínú balùwẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ lójú, á ké "Àmín!" láti ibẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú gan-an nígbà náà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́, gbogbo àdúgbò wa ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí o ò mọ̀ rí bá súre lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú mọ́tò, ẹnu rẹ á ti dáhùn kí o tó mọ ohun tó súre fún.

Mẹ́rin ni wá nínú ẹgbẹ́ wa. Èmi ni olùdarí, oyè tí mo fi ara mi jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan di kámẹ́rà mú. Ọmọ pásítọ̀ kan, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dùn bí aago, ni ẹni tí apààyàn máa pa, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ìwé sì ni apààyàn. Mo ti kọ eré náà sílẹ̀, mo ti ya àwòrán rẹ̀, mo sì ti fi ojú inú rí bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe máa ṣàn lára ògiri tí gbogbo kíláàsì yóò sì máa sá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Ó dá mi lójú pé èmi ni ìbẹ̀rù ń dúró dè kó tó lè dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán n'Íjù la rí lò. Alhájì tó ni ín, káfíńtà àgbà kan tó mọ àwàdà ṣe, fún wa ní kọ́kọ́rọ́ géètì láìgba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ irú eré tó jẹ́, ó di ẹnu ọ̀nà mú.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì kó wọlé o. Ẹ̀jẹ̀ àgbò tí mo máa fi ṣílé ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀ yìí, ínṣà Allah."

Mo ní, "Bàbá, tòmátò la fẹ́ fi ṣe é. Eré lásán ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré nílé bàbá yín."

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ìyá ọmọ pásítọ̀ pè mí lórí fóònù. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn òbí mi, ó wá ní, "Mo gbọ́ pé ọmọ mi máa kú nínú fíìmù yín. Ọmọ mi ò ní kú o. Ó lè sáré, ó lè pariwo, ó tiẹ̀ lè ṣubú. Kó ṣáà má dùbúlẹ̀ kó dijú." Mo ní, "Ó ti yé mi, mà." Bí òkú náà ṣe lọ nìyẹn. Apààyàn ló wá kẹ́yìn. Ó ní wọ́n fẹ́ yan olórí ẹgbẹ́ akọrin, wọn ò sì gbọ́dọ̀ rí òun pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó ní òun á kúkú dúró sínú òkùnkùn, níbi tí ojú kámẹ́rà ò ti ní tó òun.

Ẹ gbà mí o! Fíìmù apààyàn tí kò lẹ́jẹ̀, tí kò lókùú, tí kò lọ́bẹ, tí apààyàn gan-an ò tún fẹ́ kí wọ́n rí òun. Mo ń tu ara mi nínú pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ ní tèmi, wọ́n ti gba àáké gan-an lọ́wọ́ mi.

Ilé-ìwé wa kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́ níta, nítorí náà ọ̀sán gangan la fi ṣe òru. Bàbá mi, tó ní òun ò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí, ló gbé ìdì ọ̀rá dúdú tó lábùkù wálé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. A fi ìṣó kàn án mọ́ gbogbo fèrèsé. Inú ilé náà ṣókùnkùn lóòótọ́, ó sì gbóná débi pé òógùn ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ oníkámẹ́rà wa.

Ohun tí mo kọ ni pé ọmọbìnrin náà á tan tọ́ọ̀ṣì wọlé, á gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á wá béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ó tan tọ́ọ̀ṣì wọlé. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ibi tó ń bọ̀ wá bá mi, ẹ padà sẹ́yìn lórúkọ Jésù!"

Apààyàn dáhùn látinú òkùnkùn tọkàntọkàn: "Àmín!"

Mo dá wọn dúró. Mo bi í pé ta ló ní kó dáhùn. Ó ní, "Àbẹ́ẹ̀gì, ọ̀gá dírẹ́kítọ̀, ẹnu mi ló yọ." A tún un ṣe, ẹnu rẹ̀ tún yọ. Mo bẹ ọmọbìnrin náà pé kó fi àdúrà sílẹ̀. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí nínú òkùnkùn, kí n wá máa béèrè ta nìyẹn, bí ẹni ń gbàlejò?" Mo ní kí apààyàn ki áńkáṣíìfù bọ ẹnu. Ó fi dí ẹnu, ó sì fi imú ṣe Àmín náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jẹ̀bi kọ́ ló jìyà, èmi ni. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, omi lé sí mi lójú, mo ń rí ara mi nínú kíláàsì Akáǹtìn.

A tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti rẹ apààyàn. Àmín tó ṣe lọ́tẹ̀ yìí lọ sílẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, bí ìgbà pé ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà gan-an ló dúró sí. Kí n tó pariwo, oníkámẹ́rà ní, "Ọ̀gá, bátìrì ti kú o." Òun nìkan ni wọ́n gbà fún láti kú lọ́jọ́ náà.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ni àwòrán rẹ̀ mọ́, òun náà la gbé lọ. Ní kíláàsì, olùkọ́ wa obìnrin, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ní kí olúkúlùkù kọ ibi tí ẹ̀rù ti bà á sínú ìwé. Ẹgbẹ́ tó ṣáájú wa da ẹ̀jẹ̀ tó kún garawa, àwọn èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Ó wá kan tiwa. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó gbàdúrà. Gbogbo kíláàsì, bí ìṣe wọn, dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àmín!" Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti dákẹ́, ẹnì kan tún ṣe Àmín látinú òkùnkùn.

Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnì kan níwájú fo bẹ́ǹṣì kọjá. Olùkọ́ wa gan-an fọwọ́ lé àyà. Nígbà tí wọ́n kó ìwé jọ, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn kọ: ibi Àmín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ iná tí mo tò, kò sẹ́ni tó rántí àwòrán tí mo yà. Ọ̀nà ò gba ibi tí mo fojú sí rárá, inú sì bí mi nígbà tó yẹ kí inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n ti bàbá mi ló kù. Ó jókòó ní pálọ̀, ó wọ awò rẹ̀, ó ní kí n tan án. Ọmọbìnrin náà gbàdúrà. Bàbá mi ní, "Àmín!" Òkùnkùn náà ní, "Àmín." Bàbá mi yíjú wo ọ̀nà balùwẹ̀.

"Ta ló dáhùn?"

"Apààyàn náà ni, sà."

Ó ní, "Ó sì mọ àdúrà." Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. "Èyí burú ju ọ̀bẹ lọ. Máa ka ohun tó ò ń kà lọ." Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lọ wẹ̀, mo sì fi ìrọ̀rí bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́. Alhájì ti ṣílé rẹ̀, apààyàn ti di pásítọ̀, èmi sì ń fi fíìmù jẹun dòní. Bàbá mi ti lọ. Nínú ilé rẹ̀ ni mo ń gbé, èmi nìkan. Láàárọ̀, mo máa ń gbàdúrà tèmi jẹ́jẹ́ ní yàrá, bí mo bá sì parí, mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń tẹ́tí sí ọ̀nà balùwẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà wá nígbà yẹn ni pé ẹnì kan dáhùn. Mi ò mọ̀ pé àìsí ẹni tó máa dáhùn ló burú jù. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo máa ń ṣe Àmín náà fúnra mi, sókè díẹ̀, kí àdúrà má baà kọjá láìdáhùn nílé bàbá mi.