Ráútà Alàájì Ń Polówó Ọ̀nà Tí Kò Ní

Nígbà tí intánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ apá ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mò ń fà á káàkiri. Ọ̀gá mi ní àwo ńlá kan ní Ìkọ̀lé tó ń gbà á láti ojú ọ̀run. Láti ibẹ̀ a ri òpó mọ́lẹ̀ ní Ìtapàjí, a ri òmíràn ní Ìpáò, èyí tó kẹ́yìn sì wà ní Òkè-Ako, nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Alàájì kan tó tún ń ta sìmẹ́ńtì. Ọmọ Alàájì yìí ni mo fẹ́ fi ṣaya. Alàájì ní bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, òun yóò pe àwọn ẹgbẹ́ òun wá wo gbogbo ayé ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, kí n mú àwọn èèyàn mi wá tọrọ ọmọ.

Ráútà kan, ẹ̀rọ tó ń darí ẹrù intánẹ́ẹ̀tì, wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju òfófó lọ. Gbogbo ìgbà ló ń polówó fún aládùúgbò rẹ̀ pé, mo mọ ọ̀nà ibí, mo mọ ọ̀nà ọ̀hún, ibùdó báyìí la ó kọjá kí a tó débẹ̀. Aládùúgbò á fi ọ̀kan kún un, á tún gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tòun ló kúrú jù ni wọ́n ń gbà gbọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dìde lọ wò ó. Èmi náà ti gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtapàjí ń wí pé ibùdó kan ló wà láàárín òun àti ayé, Ìpáò ní méjì, Òkè-Ako ní mẹ́ta. Nígbà tí mo fi han Alàájì lọ́jọ́bọ̀, inú rẹ̀ kò dùn sí mẹ́ta yẹn.

“Ta ló fi wá sẹ́yìn Ìpáò?”

Mo ṣàlàyé títí, mo gbà pé ó yé e, mo padà sílé.

Láàárọ̀ Jímọ̀, àwọn ará Ìpáò fi ọlọ́kadà ránṣẹ́ pé intánẹ́ẹ̀tì ti kú. Ti Ìtapàjí ń ṣiṣẹ́. Mo sáré dé Òkè-Ako, ibẹ̀ náà kú fin-ín-fin-ín. Mo ṣí ráútà Alàájì, mo sì rí i pé ẹnì kan ti fọwọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ibùdó kankan láàárín Òkè-Ako àti ayé, inú ṣọ́ọ̀bù layé wà. Ìpáò gbọ́, ó kẹ̀yìn sí Ìtapàjí, ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wá fún Òkè-Ako. Òkè-Ako tí kò ní àwo kankan dá a padà fún Ìpáò, Ìpáò tún gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e fún ara wọn títí ẹrù fi kú sọ́nà.

Yàtọ̀ sí èmi, Alàájì nìkan ló ní ọ̀rọ̀ ìwọlé ráútà náà. Ó sì jókòó lẹ́yìn mi, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí yóò di àna rẹ̀ pé ó purọ́? Mo ṣe bí a ti ń ṣe nílé bí àgbà bá ṣì í: ráútà ni mo kọjú sí tí mo ń bá wí.

“Ùwọ yìí, ohun tó o ní ni mo ní kó o máa polówó. Ọ̀nà tó ò ní lò ń ké kiri. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?”

Ọmọ Alàájì, tó ń gbé omi bọ̀, yà síta lọ rẹ́rìn-ín.

Tẹ̀sùbáà dúró. “Fi í sílẹ̀,” ni Alàájì wí. “Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí àlejò bá bi wá léèrè ọ̀nà, ṣé a máa ń sọ fún un pé ó jìn ni? A ó ní ó kù díẹ̀, kó lè ní agbára àtirìn.”

“Òótọ́ ni, Bàbá. Àmọ́ èèyàn mọ̀ pé ìtùnú ni. Ráútà ò mọ̀.”

Ó ní kí n pa ohun tí òun kọ rẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé láti mọ́sálááṣí, mẹ́ta ti padà sípò rẹ̀, wọ́n sì wo Mẹ́kà lójú kọ̀ǹpútà títí wọn ò fẹ́ lọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo béèrè bóyá kí n mú àwọn èèyàn mi wá. Kò wò mí. Ọmọ rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ló ń wò.

“Mú wọn wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́ bí ọ̀nà ti jìn tó, má bù ú kù. Kí wọ́n rìn ín, kí wọ́n mọ bí ulé tí ọmọ mi ti ń bọ̀ ti jìn sí tiyín tó.”