Adágún Ẹja Tí A Kì Í Jẹ

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Olóyè fi ẹja ńlá kan hàn mí nínú omi. Ó ní, "Èyí ju gbogbo àwọn tó ń wá síbí lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wàá ṣàlàyé. Bí èyí bá kú, kó ẹrù ẹ." Mo rẹ́rìn-ín. Olóyè kò rẹ́rìn-ín.

Ìmọ̀ nípa ẹja ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti fi ìwé ẹ̀rí mi wá iṣẹ́ kiri títí etí rẹ̀ fi ká. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni bí a ṣe ń sin ẹja kí àwọn tí ebi ń pa lè rí jẹ. Ibi tí mo wá ríṣẹ́ sí ni adágún kan nínú oko, lọ́nà Ìbẹ̀fún, níbi tí àwọn tó ti yó tẹ́lẹ̀ ti ń mú ẹja tí wọ́n sì ń dá a padà sómi.

Káàpù lorúkọ ẹja náà. Àlejò ni, òkè òkun ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá. Ó sanra, ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó ní irùngbọ̀n bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ nínú omi bí alága ìpàdé tó mọ̀ pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òun. Nígbà tí Olóyè lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó rí àwọn òyìnbó tó ń fi ìwọ̀ abìyẹ́ mú káàpù. Bó ṣe dé, ó sé odò kan mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di adágún, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò wọ ẹgbẹ́, dókítà wọ ẹgbẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n wọ ẹgbẹ́, olóṣèlú wọ ẹgbẹ́. Gbogbo wọn ra ẹ̀wù alápò púpọ̀. N kò rí ohun tí wọ́n ń kó sínú àpò náà rí, àfi gúgúrú.

Ìwọ̀ abìyẹ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ mi. Ìwọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ekòló ni a ń fi sí i lẹ́nu. Ìwọ̀ abìyẹ́, irọ́ ni a ń fi sí i lẹ́nu. Ìyẹ́ adìẹ àti òwú ni a fi ń dì í, títí yóò fi jọ ohun jíjẹ lójú ẹja. Kò wúwo rárá, nítorí náà okùn ni à ń jù, ìwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni. A ó ju okùn sẹ́yìn, a ó dúró díẹ̀ kí ó nà tán, a ó wá jù ú síwájú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í lè dúró. Ẹni tí kò dúró de olùdìbò rí, ṣé okùn ni yóò dúró dè? Etí ara wọn ni ìwọ̀ máa ń há sí.

Òkè òkun ni wọ́n ti ra ìwọ̀ abìyẹ́ tiwọn, ó sì jọ eṣinṣin kan tí kò sí ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Káàpù kò kà á sí. Ẹ̀kọ ni ó mọ̀, torí ẹ̀kọ àjẹkù ni ìyàwó máígàdì fi ń bọ́ wọn. Mo bá já ìyẹ́ funfun múlọ́múlọ́ láyà adìẹ, mo dì í róbótó bí èérún ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jù ú sómi, ọ̀pọ̀ wọn mú ẹja. Olóyè bi mí lórúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀kọ ni, sà."

Ó ní orúkọ yẹn kò bá ẹgbẹ́ mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá fún un lórúkọ Látìn.

Èdè ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Olóyè ní kí n kọ òfin ẹgbẹ́ sára pátákó ní Yorùbá, pé ẹni tó bá mú ẹja gbọ́dọ̀ dá a padà láàyè. Ẹ wá wò ó. Yorùbá kì í mú ẹja lásán, pípa ni a ń pa á. Ẹni tó ń ṣe é, apẹja ni, yálà ẹja kú tàbí kò kú. Mo ro ó títí, mo kọ ọ́ báyìí: Ẹ̀YIN APẸJA, Ẹ MÁ PA ẸJA. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń lọ sóko dúró kà á.

"Ṣé wọn kì í pẹja níbí ni?"

"Wọ́n ń pẹja, bàbá. Ẹja ọ̀hún ni kì í kú."

"Wọn kì í jẹ ẹ́?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́, bàbá."

Ó wo adágún, ó wò mí. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, ní irú ohùn tí à ń lò nílé ọ̀fọ̀, ó sì yára bá tirẹ̀ lọ.

N kò dá a lẹ́bi. Ohun tí àwọn ará abúlé ń rí láti ọ̀nà oko nìyí: ọkùnrin olówó kan wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja, ó ń tì í síwá sẹ́yìn. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kí omi lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kọjá kí èémí rẹ̀ lè padà. Olówó á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹja, wọ́n á ya fọ́tò, á sì tú u sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹja kì í bá ẹja sọ̀rọ̀. Níbi tí a ti wá, ẹni tó bá gbé ohun abẹ̀mí lọ́wọ́, tó sọ̀rọ̀ sí i, tó sì tú u sílẹ̀, ẹrù ló dì rù ú. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ̀nà Ìbẹ̀fún fi gbà pé àìsàn ara wọn ni àwọn olówó ń dì ru ẹja. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ni ẹja ń sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún. Wọn ò wá ìdáhùn jìnnà. Èmi ni mò ń fọwọ́ kan ẹja lójoojúmọ́.

Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Tèmi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará oko wọ̀nyí ń sọ? Àìmọ̀kan burú." Ó rẹ́rìn-ín tán, ó wẹ̀yìn, ó sún mọ́ mi. "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí o. Èwo nínú àwọn ẹja yìí lẹ rò pé ó lágbára jù?"

Mo fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ kiri Ìjẹ̀bú-Òde títí tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti Fọlákẹ́ ìyàwó mi bí. Tèmi lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó máa ń jẹ́ kí gbogbo eegun roni, pàápàá bí ọyẹ́ bá dé. Ilé ìwòsàn kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń tọ́jú ìdílé gbogbo òṣìṣẹ́ Olóyè lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń fara da gúgúrú.

Ìyá ìyàwó mi ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ó dá mi lójú pé ó fẹ́ràn Tèmi ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó wá sílé wa, ó kọ oúnjẹ, ó jókòó.

"Bàbá Tèmi, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ni. Ara èmi àti ìyá rẹ̀ ló ti bá a."

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹ̀yin méjèèjì sì ń sanra sí i? Ṣé ọmọ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ náà mọ̀ ọ́n bá jà ni?"

"Bí mo bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò gbà á sí ọsibítù?"

"Bí ẹ ò bá fi í sílẹ̀, ọsibítù ló máa gbà á lọ́wọ́ wa."

Mo ronú sí i títí, n kò rí ọ̀nà àbáyọ. Kí n lọ, oògùn lọ. Kí n dúró, Màmá á gbọ́mọ lọ. Fọlákẹ́ ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ya àpótí sójú pátákó láti fi bí ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá ṣe ń pàdé lára ọmọ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó ti ń ya aṣọ ìnura mi sọ́tọ̀ kúrò lára ti Tèmi.

"Kí nìyí, Fọlákẹ́?"

"Òórùn ẹja ni," ó wí. Kò gbójú sókè.

Ọyẹ́ dé. Ẹgbẹ́ Olóyè ń ṣe ìdíje lọ́jọ́ kan, kò sì sí bí n kò ṣe ní wà níbẹ̀. Ìrora ti mú Tèmi láti àárọ̀, Fọlákẹ́ sì ní ìdánwò tó ń bójú tó, ni Màmá bá wá jókòó ti ọmọ. Mo wà nínú omi títí dé àyà, ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹja ńlá tí Olóyè kọ́kọ́ fi hàn mí, nígbà tí fóònù mi dún. Fọlákẹ́ ni.

"Bàbá Tèmi, mo délé, wọn ò sí nílé o! Màmá ti gbé e lọ sí Ìmùṣin. Mo ti wà lọ́nà."

Mo sọ fún Olóyè pé mò ń lọ.

"Báyìí? Ta ló máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n dá ẹja padà?"

"Ẹ ní kó bá a sọ̀rọ̀, sà."

Mo gun ọ̀kadà. N kò rántí bọ́ ṣòkòtò rọ́bà. Ó di dandan kí a gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá kí a tó dé Ìmùṣin, nítorí náà iwájú ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni a gbà, ẹnubodè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí mo dé Ìmùṣin, àwọn ọmọdé rí mi, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Tèmi wà lórí ẹní. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá rẹ̀ ọ̀tún sì wà nílẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Fọlákẹ́ ń sunkún ní ìta. Màmá dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ! Má fọwọ́ kan ọmọ mi!"

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò pè mí ní ìwọ rí.

"Màmá, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ọsibítù ni, nísinsìnyí."

"Pẹ̀lú ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó ṣì tutù yẹn?"

Mo lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Egungun lásán ni. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti pé, àna sì ni. Bí mo bá tì í, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí n gbé ọmọ náà jáde ní àdúgbò yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Omi inú ṣòkòtò rọ́bà tú sí mi lọ́rùn.

"Màmá, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e. Ẹ ṣáà gbé e débẹ̀. Èmi á máa tẹ̀ lé yín lókèèrè."

Ó wo Fọlákẹ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nu ojú rẹ̀. "Wọn ò ní fọwọ́ kàn án, Màmá," ó wí.

Màmá bá tú ìró ara rẹ̀, ó fi pọn ọmọ ńlá náà bí ìkókó, ẹsẹ̀ Tèmi ń fì wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà. Fọlákẹ́ jókòó sẹ́yìn, ó dì wọ́n mú. Mo wà lórí ọ̀kadà kejì, nínú eruku wọn, mò ń wo orí ọmọ mi tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo sì pa àdéhùn mọ́.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dí lọ́nà ọpọlọ. Ó ní rọpárọsẹ̀ kì í ṣe ti àgbàlagbà nìkan. Ó béèrè ìdí tí a fi pẹ́. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Wọn ò rí apá gbà.

Olóyè kò lé mi. Ó ní ẹja ńlá ti mọ ohùn mi. Mo ṣì ń di ìyẹ́ adìẹ, mo ṣì ń kọ́ àwọn ẹni ńlá ní bí wọn yóò ṣe dúró de okùn, ilé ìwòsàn sì ń fún Tèmi lẹ́jẹ̀ déédéé. Màmá ti fi gàrí sílẹ̀, ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti padà sí "ẹ" pẹ̀lú mi. Kò tíì gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni, èmi náà kò gbà pé ẹja ni, a kì í sì í jiyàn mọ́.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kì í wọlé tààrà. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, Màmá á gbé abọ́ omi àti ọṣẹ dúdú wá, á máa da omi sí mi lọ́wọ́, èmi á máa fọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Láti inú yàrá ni Tèmi á ti béèrè, ahọ́n rẹ̀ wúwo: "Màmá, ṣé wọ́n ti fọwọ́?"

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ọmọ mi."

Nígbà náà ni n ó wọlé, Tèmi á sì na ọwọ́ òsì sí mi, èyí tó ṣì ń nà.