Ìsọ̀ Màmá Hẹ́dì ní Ọjà Sátidé

Kí n tó dé Bẹ̀líìnì ní Jámánì, mo rò pé mo mọ ohun tó ń jẹ́ ọjà. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyá mi ni mo sì ti kọ́ ìrìn. Àárọ̀ Sátidé kan, nínú òtútù tó ń wọ eegun, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjà àdúgbò wa níbẹ̀, lọ́dọ̀ Hẹ́dì, arúgbó obìnrin kan tó ń ta ànàmọ́ òyìnbó, ápù àti ẹyin. Ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbẹ́rù. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá ẹ̀yìn mi le.

Ó ní kí n máa pe òun ní Hẹ́dì lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo ń pè é ní Màmá. Ó ní òun kò bímọ rí. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi jiyàn mọ́, èmi náà kò sì lè sọ̀rọ̀ wọn mọ́ láì bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọjà ọ̀hún. Ibi tí àwọn ará àdúgbò ń gbé mọ́tò sí la máa ń ta kánópì sí ní ìdájí. Bó bá di ọ̀sán, a ó palẹ̀ mọ́, a ó gbálẹ̀ fínnífínní, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tajà níbẹ̀ rí. Oníbàárà kì í fọwọ́ kan ọjà, àwa la máa ń bá a ṣà á. Kò sì sẹ́ni tó ń ná ọjà. Obìnrin àkọ́kọ́ tí mo tajà fún san iye tí mo pè, ó dúpẹ́, ó lọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti múra ẹnu sílẹ̀. Àmọ́ mo wá rí i pé àwọn arúgbó kan ń ra ìwọ̀nba ànàmọ́ kí wọ́n lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni. Màmá Hẹ́dì mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í pè é, wọ́n mọ ẹni tí orúnkún ń dùn.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó le. Ìsọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí lọ́jọ́ ọjà, alábòójútó ọjà lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ń ta kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ti fojú sí ìsọ̀ Màmá tipẹ́, nítorí oríta ló wà. Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Má jẹ́ kí ààyè mi ṣófo."

"Kò ní ṣófo, Màmá."

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, èmi nìkan ni mo ń ta kánópì, tí mo ń gbé àpò ànàmọ́. Ọjọ́ Furaidé kan ni aládùúgbò wọn pè mí pé Màmá ti kú.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọlọ́jà bá kú, a kì í tajà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e. A ó fi aṣọ funfun bo pátákó rẹ̀, a ó sì máa gba ibẹ̀ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́. Mo lọ bá alábòójútó pé kó fún mi ní Sátidé kan péré láti ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ó bá mi kẹ́dùn, àmọ́ ó ní ìsọ̀ tó bá ṣófo ti ṣófo nìyẹn.

Kí n pa ìsọ̀ tì nítorí òkú, àbí kí n ṣí i nítorí ọ̀rọ̀ tí Màmá bá mi sọ ní ọsibítù? Mo ṣí i. Gbogbo ẹni tó béèrè Màmá ni mo ń sọ fún. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, wọ́n sì ní kí n wọn ànàmọ́ fún àwọn. Mo ń wọn ọjà, omijé ń bọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ojú tì mí bíi pé mo ń tajà lórí òkú.

Asán ni gbogbo rẹ̀ já sí. Lórúkọ Màmá ni ìsọ̀ náà wà, àwọn tó ń ṣàkóso ọjà sì ní ikú ti fòpin sí i. Kò pẹ́ tí ọlọ́jà kọfí fi kó ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò ṣọ̀fọ̀ Màmá bó ṣe yẹ, mi ò sì rí ààyè wọn dì mú.

Mo ti padà sílé báyìí, mo ń ta ohun èlò ìdáná ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láìpẹ́ yìí ni aláta tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi kú. A kò mọra tó bẹ́ẹ̀. A tilẹ̀ ti bára wa jà rí nítorí omi òjò tó ń dà láti orí páànù mi. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà fi aṣọ funfun bo pátákó rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bú sẹ́kún. N kò lè dákẹ́. Wọ́n yí mi ká, ọ̀kan nínú wọn sì dì mí mú.

"Ìyá Jámánì, ẹ mú un mọ́ra. A ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí."

Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ̀ mí lẹ́kún. Mi ò sọ fún wọn pé ẹlòmíràn ni mo ń sunkún.