Ilà Mẹ́ta Lórí Bóòtì

Olóòlà ni gbogbo wọn ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ kò fi abẹ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Mẹkáníìkì ni. Iṣẹ́ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ló yàn láàyò. Bó bá ti de bóòtì kan tán, tó de é dé ibi tí kò lè gbà mọ́, á mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, á sì fi ọ̀dà funfun fa ilà mẹ́ta wẹ́wẹ́ sórí bóòtì náà. Ẹni tó bá wo abẹ́ ọkọ̀ tó rí ilà mẹ́ta yẹn mọ̀ pé ibẹ̀ ti dè, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn ilà yìí ju bó ti yẹ lọ. Àwọn kan á dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti wò ó kí wọ́n tó wa ọkọ̀ wọn lọ, wọ́n á ní, "Ó ti kọlà. Ó kù kó máa jẹ́ orúkọ."

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún Olóòlà ti ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Síbí á máa lu etí abọ́, á ní ó rẹ òun ni. Kọ́kọ́rọ́ á máa wá ihò rẹ̀ kiri lára ilẹ̀kùn, á ní kọ́kọ́rọ́ ló ti jẹ. Nígbà tó lọ rí dókítà, dókítà ní kó na ọwọ́ síwájú, ó wò ó títí, ó sì kọ oògùn fún un. Bó bá lo oògùn náà láàárọ̀, ọwọ́ á tòrò títí oòrùn á fi kàtàrí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún di gbígbọ̀n. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀. Ta ló máa gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń gbọ́ àìsàn ọkọ̀ láti òkèèrè kọ etí dídi sí tirẹ̀.

Ká sòótọ́, dídè ò ṣòro fún un. Agbára ni wọ́n fi ń de bóòtì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣì lè fa sípánà gígùn. Ilà wẹ́wẹ́ yẹn ni kò gba ìgbọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fà á, ó wọ́ kọrọkọrọ, pánẹ́bítà tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù rí i, ó ní, "Olóòlà, kí lo mu lónìí?" Olóòlà bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fa ilà láàárọ̀, nígbà tí ọwọ́ ṣì gbọ́ràn, táá wá fi ọ̀sán de bóòtì. Ó ní nǹkan kan náà ni, ṣebí bó pẹ́ bó yá, á sáà dè é. Ilà tó ti ń jẹ́rìí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ wá ń ṣèlérí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀.

Ọmọ kan ni Olóòlà bí, obìnrin ni, olùkọ́ ni. Àfẹ́sọ́nà ọmọ náà ń ya fọ́tò jẹun, ó ga bí òpó iná, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó rà jẹ́ ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì tó ní láti ká orúnkún kó tó wọ̀ ọ́. Kò sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Bàbá, mo fẹ́ kó tún sùn mọ́lẹ̀ sí i," Fọtógíráfà sọ fún Olóòlà. "Kí ìka má lè gba àárín táyà àti bọ́dì kọjá."

"Ṣé o fẹ́ máa wà á ni, àbí o fẹ́ máa fi gbálẹ̀?"

"Ẹnì kan ní wọ́n lè gé sípíríǹgì tó wà níbẹ̀ kúrú."

"Ẹni tó bá gé sípíríǹgì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló gé yẹn. Má mú irú ẹ̀ wá síbí."

Fọtógíráfà mú oríṣi sípíríǹgì tuntun méjì wá kí Olóòlà fi wé ara wọn. Ọ̀kan á mú ọkọ̀ náà wálẹ̀ ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta, ìkejì ní fífẹ̀ ìka kan àtààbọ̀. Olóòlà gbé ti àkọ́kọ́ dání, ó ní ó kúrú jù fún ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ yẹn: bí táyà bá wọ kòtò, sípíríǹgì á kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, bó bá sì gun òkè, irin á máa kan irin. Ìkejì ló yàn, irin rẹ̀ nípọn, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ máa gbé ìdí sókè-sódò. Fọtógíráfà ṣu ẹnu jọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọmọ olọ́mọ kì í bá bàbá ọmọ jiyàn lórí sípíríǹgì.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ gbé ọmọ Olóòlà lọ kí ìyá tó bí òun ní ìlú kejì lọ́sàn-án, kí wọ́n sì padà lálẹ́. Olóòlà lo oògùn rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ sókè lórí ẹsẹ̀ irin, ó tú táyà. Ó fi irin ìháǹkan há sípíríǹgì àtijọ́ mọ́ra, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀, torí sípíríǹgì tí wọ́n há mọ́ra kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Nígbà tí àwọn tuntun jókòó tán, ó fi ìka ti àwọn bóòtì wọlé, ó sì fa ilà mẹ́ta sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilà náà gún régé.

Àwọn bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì gba inú rọ́bà kọjá. Bí wọ́n bá dè wọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́, rọ́bà á lọ́ mọ́ra, á sì ya kó tó pẹ́. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró kí wọ́n tó dè é. Olóòlà de táyà padà, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá rí i pé ó ti sùn mọ́lẹ̀ débi pé òun ò lè wọ abẹ́ rẹ̀, ló bá yí i gun orí pákó. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dè, ó wá de ti iwájú lápá òsì. Oòrùn ti kàtàrí. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Bàámi, ẹ ò tíì parí?" Ọmọ rẹ̀ ti dé pẹ̀lú báàgì lọ́rùn, Fọtógíráfà tẹ̀ lé e.

Olóòlà yọ jáde, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní Bàámi ti rù, Bàámi ní àgbà ò sanra. Nígbà tó padà sábẹ́ ọkọ̀, ó tan iná sápá ọ̀tún. Ilà mẹ́ta, funfun báláú. Ó ti fi ogún ọdún kọ́ ojú rẹ̀ láti gba ilà yẹn gbọ́, ojú náà sì gbà á gbọ́. Ó jáde, ó yí ọkọ̀ kúrò lórí pákó, ó sì kí wọn pé kí wọ́n lọ, kí wọ́n bọ̀.

Ìgbà tó ń palẹ̀ mọ́ ló rí sípánà gígùn. Ẹ̀gbẹ́ pákó apá òsì ló wà, níbi tó fi í sí nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé. Kò gbé e kúrò níbẹ̀. Kò gbé e dé apá ọ̀tún rárá.

Ó jókòó sórí táyà kan. Ó rò ó pé bóyá sípánà mìíràn lòun lò, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rò ó pé kóun pè wọ́n, kóun ní òun gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀. Ẹ̀rù ń bà á fún ọmọ rẹ̀, ojú sì ń tì í pé ó ṣì ń wá irọ́ tó dáa. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ìyá mi, sọ fún un kó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kó rọra."

Wọ́n dúró. Ó ní kí Fọtógíráfà yí ìdarí kí táyà iwájú yà síta, kó tan iná sẹ́yìn táyà ọ̀tún, ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì.

"Bàbá, ilà wà níbẹ̀," Fọtógíráfà sọ. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí wàhálà. Ẹ má da ara yín láàmú."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lè parí. Bó bá dákẹ́, wọ́n á wọnú ọkọ̀, wọ́n á máa lọ.

"Má wo ilà," Olóòlà ní. "Fi ìka yí i."

"Ó ń yí," Fọtógíráfà sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́."

"Ẹ má wà á mọ́. Màá bẹ pánẹ́bítà kó wá bá yín. Òun ló máa dè é."

Ọmọ rẹ̀ gba fóònù. "Bàámi, báwo ni ilà ṣe débẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìyá mi. Àárọ̀ ni mo ń fa ilà, ọ̀sán ni mo ń dè é. Ó ti ṣe díẹ̀."

Ó gbọ́ bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń kọjá lára wọn. Ó ń retí kó sunkún, tàbí kó bínú. Ọmọ náà ò ṣe ọ̀kankan.

"Bọ́ọ̀sì iléèwé wa tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

Olóòlà wá ọjọ́ yẹn nínú orí rẹ̀, ó rí ilà, kò rí dídè.

"Pe dírẹ́bà yín báyìí," ó ní. "Kó má fi kó ọmọ kankan lọ́la."

"Á bi mí pé kí ló dé. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ohun tí mo sọ fún ọ."