Ọkọ̀ Ìjàpá Tí Mo Gé Òrùlé Rẹ̀

Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn irin tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé, ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Gadumo ni ọkàn mi máa ń lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi jókòó sí lórí búlọ́ọ̀kù láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, tí òrùlé rẹ̀ dípẹtà débi pé adìẹ ń gba ojú ihò wọlé. Awakọ̀ ìjọba ni bàbá mi, ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìjàpá yìí nìkan ni tirẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Kàbà dé pẹ̀lú àwọn tó ń ra irin àlòkù. Òun ni olórí ẹbí, kò sì sẹ́ni tó ń já a ní koro. Kò bi ìyá mi, kò bi mí. Kí n tó jáde, wọ́n ti so okùn mọ́ ọkọ̀ náà. Mo gun iwájú rẹ̀, mo jókòó lé e.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ni mo wí, “ọkọ̀ yìí kò lọ síbì kankan. Màá tún un ṣe.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìwọ obìnrin yìí?”

“Èmi náà ni. Màá wà á wá kí yín nílé.”

Ó yíjú sí ìyá mi, ó ní kó tètè wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà dàrú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí i pé n kò sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n tú okùn, wọ́n lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ẹ̀rù tó bà mí, torí pé tísà sáyẹ́ǹsì ni mo jẹ́ ní Otokiti, n kò sì tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí láyé mi.

Mo lọ bá jórinjórin kan ní Ganaja, ọkùnrin Ẹ̀bìrà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìjàpá mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí iwájú rẹ̀ ti rún nínú ìjàǹbá, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ṣì gbádùn. Ara rẹ̀ la ti yọ ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì. A yọ ìjókòó méjì lára bọ́ọ̀sì tó ti kú, iná iwájú sì jẹ́ ti ọ̀kadà. Ní ti òrùlé, mo ní n kò tún un ṣe mọ́: kí a gé e dànù, kó di ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Jórinjórin kìlọ̀ fún mi pé òrùlé ló di ara ọkọ̀ náà mú, pé àfi kí a kọ́kọ́ jó irin mọ́ ọn nísàlẹ̀. Èmi tísà sáyẹ́ǹsì dá a lóhùn pé mo mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo yá ẹ̀rọ ìgérin rẹ̀ wá sílé, mo gé òrùlé náà.

Bí mo ṣe jókòó sínú rẹ̀ báyìí, ọkọ̀ náà tẹ̀ ní àárín, ilẹ̀kùn méjèèjì há. Òkè ni mo gbà jáde, lójú gbogbo àdúgbò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ìròyìn sì dé Kàbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sunkún, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo lọ kúnlẹ̀ níwájú jórinjórin. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n gbé páìpù tí a máa jó mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà wá.

Oṣù mẹ́ta tí mo rò pé iṣẹ́ náà yóò gbà di ọdún méjì. Ọwọ́ mi jóná, èékánná mi dúdú, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Ọ̀gá Mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi tó ń ránṣọ, tí kò sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n so okùn mọ́ ọn, mú téèpù rẹ̀ jáde, ó wọn ìjókòó méjèèjì, ó sì rán awọ pupa sí wọn lára. Ó wá bi mí ọjọ́ tí a máa lọ sí Kàbà.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, eruku ti kún ojú wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jáde, ó yí ọkọ̀ náà po, ó fọwọ́ kan ibi tí òrùlé ìbá wà.

“Òjò ńkọ́?”

“Tó bá rọ̀, yóò pa wá, bàbá.”

Ó wọlé padà. Kò sọ pé ó dára títí ó fi kú, n kò sì bi í. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, mo rò pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń jórin. Ìyá mi tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí a ṣe ń padà bọ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo ti ní ọkọ̀ tó ní òrùlé báyìí, òun ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ kò rọrùn gùn, ó ń pariwo, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dùn mí. Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí ohun tí mo rí nínú rẹ̀. N kì í ṣàlàyé mọ́. Mo kàn ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n wọlé.