Ẹ̀bẹ̀ Tí A Lọ Bẹ̀ Nílé-Ìwé Ọmọ Mi

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Challenge, mi ò rí ilé tó kọjú sí wa. Ètè ọmọ mi ti bẹ́. Mo fi òrí pa á fún un, mo ní kó wọ súwẹ́tà bàbá ẹ̀ lé yúnífọ́ọ̀mù. Ó ní òun ò wọ̀ ọ́, pé bí wọ́n bá máa na òun, òun ò fẹ́ kí wọ́n ní òun wọ aṣọ méjì nítorí ẹgba. Mo ká súwẹ́tà náà sínú báàgì mi.

Àkọ́bí mi ni. Ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ẹ̀kọ́ mọ́dà àwọn obìnrin kan, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, lápá Ring Road, ìdánwò àṣejáde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi ò kàwé lọ títí. Èédú ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀. Bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ìdánwò yẹn lèmi àti bàbá ẹ̀ gbójú lé. Ẹni tó bá yege lè lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà tàbí ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá ṣe é, ó di kó wá bá mi wọn èédú nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Omi ẹ̀rọ ti ń ṣe ségesège lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò wá ń rán àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ní méjì méjì, kí wọ́n lọ pọnmi fún ìyàwó òun. Odò jìn. Kí wọ́n tó dé, ìṣirò ti parí. Nígbà tó kan ọmọ mi, ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣirò la wá kọ́. Omi ilé yín ti gba ìṣirò lọ́wọ́ wa láti oṣù tó kọjá."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀ràn jẹ́. Tíṣà gba ọ́fíìsì lọ, ó sọ fún ọ̀gá àgbà pé irọ́ ni ọmọ náà pa mọ́ òun, òun ò rán ẹnikẹ́ni lómi rí lásìkò ẹ̀kọ́. Ọ̀gá àgbà bá dájọ́: kí ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun purọ́ mọ́ tíṣà. Bí kò bá sọ ọ́, kò ní jókòó ṣèdánwò.

"Mi ò ní sọ ọ́, Màmá," lohun tó sọ fún mi. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má purọ́."

Mo ní, "Ṣé èmi náà ni mo ní kó o máa fi òótọ́ pa kíláàsì lẹ́rìn-ín?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in jáde.

Mo lọ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Ẹlẹ́yẹlé, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, nítorí obìnrin kì í dá irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bẹ̀. Bí a ṣe wọ géètì báyìí, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ pariwo orúkọ tí wọ́n ti fún ọmọ mi látọjọ́ tó ti bá tíṣà wíjọ́: "Lọ́yà! Lọ́yà ti mú bàbá lọ́yà wá o!" Ọmọ mi ò wẹ̀yìn.

Ọ̀gá àgbà wà nídìí tábìlì. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi pàṣán há abíyá. Èmi àti ọmọ mi kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tútù, pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀.

"Ẹ forí jì wá, sà," ló wí. "Ọmọ wa ló jẹ̀bi. Ọmọdé ló ń jẹ̀bi, àgbà kì í jẹ̀bi. Ẹ bá wa fojú fò ó."

Bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í rojọ́. Á kọ́kọ́ gbé ẹ̀bi rù, kí inú tó ń bí ẹni lè rọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó béèrè bọ́rọ̀ ṣe jẹ́.

Ṣùgbọ́n tíṣà ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ fúnra yín. Bàbá ẹ̀ ti ní ó jẹ̀bi."

Ọ̀gá àgbà mi orí. "Ó parí nìyẹn. Ẹbí ẹ ti gbà. Bọ́ síta, kí wọ́n lu aago, kó o lọ sọ ohun tí bàbá ẹ sọ."

Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ níta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó gbójú sókè wò mí, ẹ̀rù hàn lójú ẹ̀. Ó wá yọ ọmọ nínú ọ̀fìn ni, ó tún wá tì í sínú ẹ̀.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ fọhùn. "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ò sí níbẹ̀. Sà, ẹ nà mí. Mo sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́nìkan ò bi mí. Ṣùgbọ́n mi ò purọ́."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń dá yín lóhùn!" Pàṣán ti bọ́ sọ́wọ́ tíṣà.

Bí mo bá pariwo, ìdánwò lọ. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi á purọ́ mọ́ ara ẹ̀, tàbí kó kọ̀, kí ìdánwò ṣì lọ. Mo rọra sọ̀rọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ mi.

"Ọ̀gá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, a ò wá jẹ́rìí. Bí bàbá yìí bá bá ẹni méjì níbi tí wọ́n ti ń jà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún èyí àbúrò ni pé òun ló jẹ̀bi, kò tíì béèrè ohun tó fa ìjà. Inú ilé Yorùbá lẹ̀yin náà ti jáde, sà. Ó sọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ. Ẹ bá a wí, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ wa ṣe ẹlẹ́rìí mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí lẹ̀ ń wá, kíláàsì kan odindi ló wà lọ́hùn-ún. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé korobá lọ."

Ọ̀gá àgbà wo tíṣà. Tíṣà wo fèrèsé.

Kò lọ bi kíláàsì. Mi ò rò pé ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. "Ẹ dìde, bàbá," ló wí. "Ẹgba ni yóò jẹ, nítorí ọ̀yájú, níwájú kíláàsì ẹ̀ nìkan. Kò ní sọ nǹkan kan. Kó wá ṣèdánwò." Kò mẹ́nu ba omi rárá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí tí wọ́n fi nà án. Mo gbọ́ ẹgba, mi ò gbọ́ ẹkún. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó jáde wá kí wa pé ó dàbọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti wú. Mo yọ súwẹ́tà, ó wọ̀ ọ́, ó padà sídìí ìwé ẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí le o."

"Ilé yín ló ti mú un wá, Bàbá."

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, mo bi ọmọ mi bóyá wọ́n ti jáwọ́ nínú omi pípọn. Ó ní rárá, àwọn méjì kan ló kàn lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò tètè lọ sí Dùgbẹ̀. Mo lọ pọnmi lódò, korobá ńlá kan. Kí wọ́n tó lu aago ìṣirò, mo ti gbé e dé ilé tíṣà, lẹ́yìn ilé-ìwé níbẹ̀. Mo kí ìyàwó ẹ̀, mo ní, "Omi tó kan kíláàsì ọmọ mi lónìí rèé. Níbo ni kí n dà á sí?"

Kò lè wò mí lójú. "Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ pọn ọ́n, mà."

"Àwọn náà kọ́," mo dá a lóhùn. Mo da omi sí ìkòkò ẹ̀, ó bá ránṣẹ́ sí tíṣà pé omi ti dé.

Iwájú fèrèsé kíláàsì ni mo gbà padà, mò ń rìn jẹ́jẹ́, korobá òfìfo lọ́wọ́ mi, omi ṣì ń kán láti gèlè mi. Tíṣà wà nídìí bọ́ọ̀dù. Gbogbo ọmọ ló wà níjòókòó.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo kí i, mo bá gba Dùgbẹ̀ lọ.